Orúkọ Kan Lábẹ́ Ọ̀dà Funfun

Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣubú tó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi àti ẹ̀yin, tí a bá fẹ́ ṣubú, ọwọ́ la máa ń nà síwájú bí ẹni tó fẹ́ bá ilẹ̀ bọwọ́, ọrùn ọwọ́ á sì kán. Tirẹ̀ yàtọ̀. Á gbá àgbọ̀n mọ́ àyà, á ká ẹ̀yìn rẹ̀ kò, á fi gbogbo apá gbálẹ̀ pàá, á sì ti dìde kí ẹ tó rí ẹnu sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́." Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa tòun ti garawa omi. Omi dànù, garawa fọ́, òun nìkan ni nǹkan kan ò ṣe. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé ṣé garawa náà ṣì ṣeé lẹ̀.

Eré júdò ló kọ́ ọ. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, irú ìjàkadì kan ni. Ènìyàn méjì á wọ aṣọ funfun tó nípọn, wọ́n á di bẹ́líìtì mọ́dìí, wọ́n á tẹríba fún ara wọn, wọ́n á sì kọjú ìjà sí ara wọn lórí ẹní. Wọn kì í gbá ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, wọn kì í ta ara wọn nípàá. Aṣọ ni wọ́n ń dì mú. Tí ọ̀kan bá gbé èkejì, tí ẹ̀yìn onítọ̀hún sì lélẹ̀ gbalaja, eré ti parí nìyẹn, ì báà jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe é, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Nítorí pé tó bá ti di kọ́là ènìyàn mú, ó dìgbà tí réfírì bá pariwo lé e lórí kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Dìrọ̀mọ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ìyá wa tó bí i pàápàá máa ń ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀ láti ilé ìdáná.

Èmi ni mo tẹ̀lé e. Aránṣọ ni mí, èmi ni mo sì ń tún aṣọ júdò rẹ̀ rán láti ìgbà tí mo ti lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò sí ibi tó ya lára aṣọ yẹn tí mi ò mọ ìtàn rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé mo tètè ń bínú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ máa rí i níwájú pé ìdí wà.

Gbọ̀ngàn júdò wọn wà lókè ilé ìtẹ̀wé kan. Ẹ máa gun àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógún, òórùn íǹkì á tẹ̀lé yín dókè, ilẹ̀ á sì máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ń ṣiṣẹ́. Lókè, ẹní aláwọ̀ ewé ló bo gbogbo ilẹ̀. Lára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, pátákó funfun ńlá kan wà níbẹ̀, orúkọ gbogbo ẹni tó ti ibẹ̀ lọ ṣojú orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ sí i. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Kóòṣì, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Iṣẹ́ pátákó kíkọ ló ń ṣe kí júdò tó gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára débi pé àwọn ará ilé ìtẹ̀wé máa ń gòkè wá wò ó. Ọkùnrin kúkúrú ni, aṣọ rẹ̀ kì í rún, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ló ń pa á lẹ́rìn-ín, ìyẹn ni kí ènìyàn ṣubú dáadáa. Ọmọdé tó bá ṣubú tí ọwọ́ rẹ̀ sì dún pàá lórí ẹní bó ṣe yẹ, Kóòṣì á ju orí sẹ́yìn, á rẹ́rìn-ín tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ á gbọ́.

Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi wọ pátákó yẹn nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ìyá wa gun gbogbo àtẹ̀gùn yẹn lọ wò ó. Màmá ò mọ̀wé. Wọ́n ní ká fi ìka àwọn sí ibi tó wà, a fi sí i. Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ tán. Wọ́n gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ délé lórí ìka, wọn ò sì fọwọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Kí n tó sọ bí orúkọ yẹn ṣe kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe nínú gbọ̀ngàn náà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ààrá, òun ni wọ́n fi ń yangàn. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá nínú júdò gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa gbé ṣubú lójoojúmọ́, ẹni tí wọ́n jọ wúwo bákan náà, tí wọ́n jọ ga bákan náà. Kóòṣì wo gbogbo gbọ̀ngàn, ó na ìka sí Dìrọ̀mọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Ààrá fi ń gbé ẹ̀gbọ́n mi kọ́ èjìká bí àpò sìmẹ́ńtì, tó ń dà á sílẹ̀, ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ìrọ̀lẹ́ kan. Iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ń gbé ṣubú ò rọrùn o. Tó bá ṣagídí, èjìká lè yẹ̀, tirẹ̀ tàbí ti ẹni tó ń gbé e. Ó gbọ́dọ̀ bá a lọ ni. Ààrá sì ní àṣà kan: kó tó gbé ènìyàn, á tu èémí jáde nímú, "hùn!" Kóòṣì á dúró tì wọ́n, á máa pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"Tẹ̀lé èémí yẹn! Má dúró dìgbà tó bá gbé ẹ. Bó o bá ti gbọ́ ọ, lọ!"

Ó ń lọ. Ọgọ́rùn-ún ìgbà, ìrọ̀lẹ́ kan, ọdún mẹ́fà. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Èmi ti gbìyànjú, orí fọ́ mi.

Nígbà tó yá, Ààrá ṣègbéyàwó, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ó sì ń ṣeré fún ẹgbẹ́ mìíràn. Ó dun Kóòṣì dọ́kàn. Ó wá yíjú sí Dìrọ̀mọ́, ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìwọ ni wàá borí ẹ̀." Ọdún kan ni wọ́n fi gbára dì. Kóòṣì kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò rántí ni pé kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbàgbé.

Wọ́n pàdé ní àṣekágbá ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Èmi àti Màmá wà láàárín èrò ìwòran. Dìrọ̀mọ́ ló ń léwájú. Ó ti di kọ́là Ààrá mú bí ẹni di okùn kànga mú, Ààrá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló kù. Màmá ti ń tún gèlè wé nítorí fọ́tò. Ni Ààrá bá gbìyànjú ìkẹyìn. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti yọ kúrò lára aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fìdí múlẹ̀, èèyàn ò lè fi irú ìdìmú yẹn gbé adìyẹ. Ṣùgbọ́n ó tu èémí. "Hùn!" Ẹ̀gbọ́n mi sì lọ. Ó fò kọjá èjìká Ààrá bó ṣe máa ń fò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ayé rẹ̀, ó balẹ̀ gbalaja, ìró ọwọ́ rẹ̀ gba gbogbo ilé kan. Ó tiẹ̀ dára láti wò. Eré parí.

Àwọn tí kò mọ júdò pàtẹ́wọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ò pàtẹ́wọ́, torí wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó gbé e, ó fò fúnra rẹ̀ ni. Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ó tà á!" Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, gbogbo ẹnu ló ti ń sọ ọ́.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí yàrá ìmúra, Kóòṣì dúró níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ta ló rà ẹ́?"

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́. Ara mi ló lọ. Èmi ò rán an."

"Ara ta ló máa ń lọ tí olúwa ẹ̀ ò rán an?"

"Mo gbọ́ èémí ẹ̀ ni, mo—"

"Má bá mi sọ̀rọ̀ èémí." Ó yí ẹ̀yìn padà sí i. "O ò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn mi mọ́."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó fi ọ̀dà funfun bo orúkọ rẹ̀. Tirẹ̀ nìkan. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ló kùn ún, ọ̀dà funfun ẹ̀ẹ̀kan kì í sì í bo dúdú tán. Tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ ó rí orúkọ náà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni ń yọjú lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹni tó ti fi pátákó kíkọ jẹun rí mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kùn ún. Mi ò mọ ìdí tí kò fi kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, mi ò sì bi í títí dòní.

Ohun tó wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti rà á fún mi, ọjọ́ tí kò yẹ kó dé ló sì dé, Sátidé tó tẹ̀lé àṣekágbá, lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, lójú gbogbo àdúgbò. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ọkọ Ààrá ti sanwó." Mo sunkún, mo ní ká dá a padà. Dìrọ̀mọ́ ní, "Bó o bá dá a padà, o ti jẹ́wọ́ fún wọn nìyẹn. Jókòó, kó o máa ránṣọ." Ẹ̀rọ yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Èyí tí ojú ń tì mí láti kọ nìyí. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń lẹ apá aṣọ kan, ẹnu mi yọ̀. Mo ní, "Àǹtí mi, ṣé lóòótọ́ lẹ ò tà á?" Ó wò mí. Kò bínú, kò sunkún. Ó kàn dìde kúrò níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Ẹyin lohùn, tó bá ti balẹ̀, kò ṣé kó mọ́. Gbogbo ìbínú tí mo ń bí sí Kóòṣì láti ọjọ́ náà, ara mi ni mo ń bí ìdajì rẹ̀ sí.

Ààrá náà ò gbádùn góòlù rẹ̀. Ó fi ìbínú tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago, ó ní, "Ṣé o rò pé mi ò lè gbé ẹ fúnra mi ni?" Dìrọ̀mọ́ ṣàlàyé. Ààrá ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun máa ń mí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ sunkún lórí fóònù. Àmọ́ ta ló máa gba ẹ̀rí Ààrá gbọ́? Òun ni wọ́n ní ọkọ rẹ̀ sanwó.

Ẹ̀gbọ́n mi ò fi júdò sílẹ̀. Ó rí ẹgbẹ́ kékeré kan ní òdìkejì ìlú tó gbà á, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Ọdún márùn-ún ló fi ṣeré níbẹ̀, ó gba àmì ẹ̀yẹ bàbà lẹ́ẹ̀kan, èjìká rẹ̀ sì yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ti èkejì, dókítà ní ó tó. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Mo fọ aṣọ náà, mo lọ̀ ọ́, mo tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí mi, torí mo mọ̀ pé tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa wò ó ni.

Ó gba iṣẹ́ agbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù bí wọ́n ṣe máa tún rìn. Láàárín oṣù kan, màmá arúgbó kan ṣubú níbẹ̀. Gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì sáré, wọ́n fẹ́ gbé e. Dìrọ̀mọ́ gbé ìgbálẹ̀ tì, ó lọ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, ó ní, "Màmá, ẹ wò mí. Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ fa orúnkún yìí sókè. Ẹ di ẹsẹ̀ àga mú." Ìyá náà dìde fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka náà, obìnrin gàgàrà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Lọ́dún náà ni wọ́n rán an lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wọ ẹ̀ka yẹn, kí wọ́n tó kọ́ ọ ní ìrìn, Dìrọ̀mọ́ á kọ́kọ́ kọ́ ọ bó ṣe máa ṣubú tí kò ní fara pa, àti bó ṣe máa dìde. Ó ní ẹni tí kò bá bẹ̀rù ilẹ̀ mọ́ ló lè rìn.

Nǹkan ń lọ dáadáa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ pátákó yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Mo máa ń tù ú nínú pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Á ní, "Ogún ọdún ti pọ̀ jù. Kí òótọ́ wọ mọ́tò."

Ọdún kẹrìnlá lẹ́yìn àṣekágbá yẹn ni wọ́n fi àga onítáyà ti Kóòṣì wọ ẹ̀ka náà. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọlọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó rí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.

"Ẹ wá ẹlòmíì fún mi," ló sọ fún ọ̀gá wọn.

"Bàbá, ẹlòmíì ò sí," ni obìnrin náà fèsì. "Tẹ́ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ máa dá rìn lọ sílé."

Nígbà tí mo gbọ́, inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ kó máa fìdí wọ́." Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n pa ẹnu mi mọ́, aláìsàn ni. Mo bi í pé kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ bàbá yìí gan-an, ṣé kó bẹ òun ni?

"Mi ò fẹ́ kó bẹ̀ mí," ó ní. "Mo fẹ́ kó mọ̀ ni. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ọjọ́ tó bá kú, kò sẹ́ni tó máa sọ pé mi ò tà á táyé á gbà á gbọ́. Mo máa kú mọ́ orúkọ ẹni tó ta eré ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi tọ́jú rẹ̀, Kóòṣì ò sì bá a sọ̀rọ̀ rárá. Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, nọ́ọ̀sì ló máa sọ fún: "Sọ fún un pé ó ti tẹ̀ ẹ́ jù," nígbà tí "un" yìí wà níwájú rẹ̀, tó di ẹsẹ̀ náà mú. Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń ṣẹlẹ̀. Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á tẹríba bí àwọn oníjúdò ṣe ń ṣe kí wọ́n tó gun orí ẹní. Orí Kóòṣì á sì tẹ̀ padà, kó tó rántí pé òun ń bínú. Ó máa ń dùn ún wọra. Lọ́jọ́ kan ó fi ọwọ́ òsì gbá orí ara rẹ̀.

Ó sì kọ̀ jálẹ̀ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Ó ní fún nọ́ọ̀sì pé, "Èmi ni mo kọ́ ọ, ó wá fẹ́ kọ́ mi? Ṣé ayé ti dorí kodò ni?"

Ọjọ́bọ̀ kan, èmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ kọ́tìnì ẹ̀ka náà fún mi, mo wá wọn ojú fèrèsé. Mo tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀ nítòsí irin méjì tí wọ́n ń dì mú kọ́ ìrìn, mo fẹ́ gé e. Kóòṣì dúró láàárín irin méjèèjì. Dìrọ̀mọ́ ń tọ́jú aláìsàn kan lódìkejì yàrá. Mo rò pé bàbá yìí fẹ́ fi hàn pé òun ò nílò ẹnikẹ́ni. Ó jọ̀wọ́ irin, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ẹ̀kẹta sì tẹ etí aṣọ mi. Aṣọ yọ̀.

Mo pariwo. Ẹ̀yìn ló ń lọ, ilẹ̀ náà sì le, kì í ṣe ẹní. Mo ti rí i lọ́kàn mi bí orí rẹ̀ ṣe máa gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n bàbá náà lọ mọ́ àyà, ẹ̀yìn rẹ̀ ká kò, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì gbálẹ̀, pàá! Dìrọ̀mọ́ ti sáré dé, ó ti kúnlẹ̀ tì í.

"Kóòṣì, ẹ má tíì dìde. Orí ńkọ́? Ṣé ó dùn yín?"

Bàbá náà ò wò ó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ta ló ní kó gbálẹ̀?"

"Sà?"

"Ọwọ́ yìí. Mi ò tíì mọ̀ pé mò ń ṣubú, ó ti gbálẹ̀." Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. "Èmi ò rán an."

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, òun náà gbọ́ ọ. Mo rí i lójú rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bàbá yẹn sùn gbalaja lórí aṣọ kọ́tìnì mi, ó ń wo ẹ̀yìn, ọdún mẹ́rìnlá àti ọdún mẹ́fà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo panu mọ́.

"Ààrá máa ń tu èémí kan," ló wá sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló ní kó o máa tẹ̀lé e?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe fún un.

"Mò ń bi ẹ́ ni, Dìrọ̀mọ́."

Ọdún mẹ́rìnlá tí kò ti pe orúkọ yẹn. Omi bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀yin ni, Kóòṣì."

"Ìgbà mélòó lójúmọ́?"

"Ọgọ́rùn-ún."

Bàbá náà fi ọwọ́ òsì bojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ẹkún nìkan ni. Ẹkún ni lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó ṣí ojú, ẹ̀rín ti wọ inú rẹ̀.

"Ṣé mo ṣubú dáadáa?"

"Ẹ ṣubú dáadáa, sà. Ẹ̀yìn yín ló le díẹ̀."

Ó ju orí sẹ́yìn lórí aṣọ mi, ó sì rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín láyé ijọ́un, tí àwọn nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. Wọ́n fẹ́ gbé e. Dìrọ̀mọ́ nawọ́ dá wọn dúró. Ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ wò mí, Kóòṣì. Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ fa orúnkún yìí sókè." Ó ṣe ohun tó ní kó ṣe, kò jiyàn. Ó pẹ́ kó tó dìde, ṣùgbọ́n ó dìde.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, Kóòṣì gun àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógún pẹ̀lú ọ̀pá, Dìrọ̀mọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi di Màmá lọ́wọ́ mú. Àwọn tó ń ṣe eré níbẹ̀ nísinsìnyí jókòó yí ẹní ká. Kóòṣì kọ́kọ́ sọ fún wọn, ní gbangba, bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, pé òun lòun kọ́ ọ lóhun tí òun fìyà rẹ̀ jẹ ẹ́. Ó wá ní kí wọ́n gbé agolo ọ̀dà dúdú wá. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń kọ̀wé ò tíì padà, ọwọ́ òsì ló lò. Ó gbà á tó wákàtí kan. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tóbi jù, èyí tó tẹ̀lé e tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó gbẹ̀yìn ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Láàárín gbogbo orúkọ rèǹtèrente yẹn, òun ló burú jù lọ. Nígbà tó parí, Màmá na ìka, a kò sì bá wọn fi í síbi tó wà. Wọ́n ti mọ ibẹ̀.

Èmi tí mi ò lè panu mọ́, mo ní mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ pátákó, ó lè bá wa tún un kọ kó gún régé. Kóòṣì àti Dìrọ̀mọ́ pariwo mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo fún ẹ̀gbọ́n mi ní aṣọ júdò tó wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Ó ti fún mọ́ ọn níkùn, mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹríba, ó sì gun orí ẹní. Ọmọbìnrin kékeré kan, tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ló kọ́kọ́ di kọ́là rẹ̀ mú. Ọmọ náà ki ọrùn, ó ki èjìká, ó fa gbogbo agbára tó ní, Dìrọ̀mọ́ sì gba orí rẹ̀ kọjá, pàá! Ọmọ náà fò sókè, ẹ̀rù àti ayọ̀ dà pọ̀ lójú rẹ̀. Kóòṣì ń rẹ́rìn-ín lórí àga.

Nígbà tó bọ́ sílẹ̀ wá mu omi, mo sún mọ́ ọn, mo rọra bi í pé, "Àǹtí mi, ṣé ẹ fò fún un ni?"

Ó nu ojú rẹ̀, ó wo pátákó, ó wò mí.

"Díẹ̀," ó ní.